Bí Ṣàfíù Ṣe Pín Orúkọ Fábírì Bí Ẹni Pín Sàárà

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń purọ́ lọ. Irọ́ a máa gba agbára, agbára sì ti tán lára mi. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ẹ̀kọ tí mo mu láàárọ̀ yìí má dà nínú mi. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi àgbàlagbà kankan ní Igando pé ta ni Ṣàfíù Fábírì. Kó mú àpótí ìjókòó dání o, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè tán.

Ọdún ìkànìyàn, ní 1991, ni òkìkí rẹ̀ kàn. Wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé títí wọn yóò fi kà á. Olùkọ́ kan láti Egbeda, Susanna lórúkọ rẹ̀, ni wọ́n fún ní àwọn ojúlé tó wà láàrin Egan sí Igando. Ó wọ ilé àkọ́kọ́, ó béèrè orúkọ baálé, wọ́n ní Fábírì. Ó kọ ọ́. Ó wọ ilé kejì, Fábírì. Ilé kẹta, Alàgbà Kọ́lápọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ilé kẹrin, Fábírì. Nígbà tó fi máa dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́bàá títì, Fábírì mọ́kànlá ló ti wà nínú ìwé rẹ̀, bàtà sì ti ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sórí owú, irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé iṣẹ́ lé lù, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi.

Ràbíátù, ìyàwó alágbẹ̀dẹ náà, ló bu omi wá.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Susanna wí, “níbo ni àwọn òyìnbó náà wà?”

“Òyìnbó wo?”

“Àwọn tó ni orúkọ yìí. Ilé mọ́kànlá ni mo ti wọ̀, dúdú ni gbogbo wọn.”

Ràbíátù wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó na ìka sí ọkọ rẹ̀ tó ń koná mọ́ irin lábẹ́ àtíbàbà. “Ẹni tó dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi í. Èmi fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ tí mo gbé kaná.”

Ṣàfíù nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó jáde. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Mélòó lẹ ti rí?”

“Mọ́kànlá, sà.”

“Ó ku méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má fo ẹnì kankan.”

“Bàbá, ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo yín?”

“Ẹ̀jẹ̀ kan náà.”

“Láti ibo?”

“Láti Itálì,” ni Ṣàfíù wí. “Ṣùgbọ́n a gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá.”

Susanna mu omi náà tán, ó dá ife padà, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rí ìwé náà, ṣe ló dá a padà pé kó lọ tún un kà. Ó ní òyìnbó kò lè pọ̀ tó báyẹn ní Alimosho kí ìjọba má tíì da ọ̀dà sí gbogbo títì wọn.

Bí orúkọ náà ṣe dé nìyí. Ní 1982, àwọn òyìnbó Itálì kan ń la títì gba ọ̀dọ̀ wọn lọ sí apá Ìkòtún. Ẹnjiníà wọn ń jẹ́ Fábírì, ọkùnrin kúkúrú kan tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di tòmátì. Lọ́jọ́ kan, eyín katapílà wọn kán. Wọ́n ní òmíràn yóò pẹ́ kó tó ti Àpápá dé, ni ẹnì kan bá júwe ìsọ̀ Ṣàfíù fún un. Ṣàfíù yẹ irin náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní kó padà wá lọ́la.

Òyìnbó náà kò lọ. Ó jókòó ti ẹwìrì, ó ń wo bó ṣe ń fẹ́ná. Nígbà tí irin pọ́n, tí Ṣàfíù gbé e sórí owú, tí Hàrúnà tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ń ju òòlù ńlá lé e, òyìnbó náà dìde, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gba òòlù lọ́wọ́ Hàrúnà. Ṣàfíù fi òòlù kékeré júwe ibi tó fẹ́. Ti òyìnbó balẹ̀ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n lu irin náà títí tí kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ràbíátù tó ń gbé omi bọ̀ dúró lójú ọ̀nà, kórobá lórí, kò rántí sọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n sinmi, òyìnbó náà fi píjìn tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣàlàyé pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá òun, àti pé alágbẹ̀dẹ gan-an ni Fábírì túmọ̀ sí lédè àwọn. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí òun, àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ bí yanrìn.

“Kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?” ni Ṣàfíù bi í.

“Abúlé wo ni kò ní alágbẹ̀dẹ tirẹ̀?” ni òyìnbó dá a lóhùn.

Ṣàfíù gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́ẹ́. “Hàrúnà, o gbọ́? Ẹbí wa ni ọkùnrin yìí.”

“Ọ̀gá, òyìnbó mà ni.”

“Mo rí i. Iná ni kò tíì jó o dénú.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí òyìnbó yẹn kì í yà ní ìsọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ títì parí, ó wá dágbére. Ó di Ṣàfíù mú, ó pè é ní àbúrò òun, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ṣàfíù dúró lẹ́bàá títì títí eruku fi wálẹ̀. Ràbíátù ló wá fa ọwọ́ rẹ̀ pé kó wá jẹun.

Ẹ má rò pé fáàrí òyìnbó ló mú un jẹ́ orúkọ náà o. Ògúnrìndé ni orúkọ bàbá rẹ̀, mùsùlùmí sì ni òun. Álífà Àmúsà, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wọn, ti fi ọdún mẹ́ta bá a fà á. Gbogbo Jímọ̀ ni: “Ṣàfíù, báwo ni o ṣe ń gbé Ògún wọ mọ́ṣáláṣí?” Ṣàfíù á ní: “Álífà, bí mo bá yọ Ògún kúrò, ta ni yóò mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí?” Wọ́n á ṣe é títí, bàtà á sì ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà tán.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí òyìnbó lọ, Ṣàfíù ló kọ́kọ́ dé.

“Álífà, mo ti yọ ọ́.”

“Alihamudulilai. Kí lo fi rọ́pò rẹ̀?”

“Fábírì. Iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, Ògún kò sí níbẹ̀.”

Álífà ronú sí i. “Ṣé orúkọ mùsùlùmí ni?”

“Rárá o. Ti kìrìsìtẹ́nì ni.”

Álífà ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò, ó ní òun ń lọ sílé, ó ti rẹ òun.

Ti Álífà tilẹ̀ sàn; ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀. Ràbíátù ló ń gbé orúkọ náà kiri lójoojúmọ́. Wọ́n á pe Ìyáàfin Fábírì nílé ìwòsàn, gbogbo obìnrin orí bẹ́ǹṣì á yíjú sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè rí òyìnbó. Òun á dìde, á tún ìró ró, á gba àárín wọn kọjá. Ó mọ ojú tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn náà bó ṣe mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

“Bàbá Sìdí,” ló bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, “kí ni orúkọ bàbá yín ṣe fún yín?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó wà nínú èyí.”

“Èmi ò rí i níbẹ̀.”

“O kì í ṣe alágbẹ̀dẹ.”

“Alágbẹ̀dẹ ló fẹ́ mi ṣá,” ni Ràbíátù wí, ó sì lọ jókòó.

Bí Ṣàfíù bá jẹ́ orúkọ náà lóun nìkan, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, á pè é síwájú èrò, á fún un ní òòlù kan, á ní: “Òòlù nìyí. Orúkọ nìyí. Má jẹ́ kí ìkankan dípẹtà.” Hàrúnà, tó ti bímọ kó tó wá kọ́ṣẹ́, ni àkọ́kọ́. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, nítorí wọ́n ti rí i pé bí geeti bá ti ọwọ́ Fábírì jáde, oníbàárà á rò pé ọkọ̀ òkun ló gbé e dé. Kí ọdún mélòó kan tó pé, pátákó Fábírì ti wà ní Egbeda, ó wà ní Ìkòtún, ó wà ní Command níbi tí Fábírì méjì ti kọjú síra wọn lódìkejì títì tí wọn kì í sì í kíra wọn.

Fàúsátù tó ń ta èédú fún àwọn alágbẹ̀dẹ gbọ́, ó wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. “Ọ̀gá Ṣàfíù, orúkọ tèmi dà?”

“Ìwọ ń rọ irin ni?”

“Kí lẹ̀yin fi ń rọ ọ́? Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáná lọ́la ká wò ó.”

Ṣàfíù ronú títí, kò rí ọ̀nà àbáyọ. Fàúsátù Fábírì ló gbé apẹ̀rẹ̀ padà sórí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1986, Mọ́ṣúdù, ẹ̀gbọ́n Ṣàfíù tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, pe ìpàdé. Ràbíátù jókòó lẹ́nu ọ̀nà láàrin àwọn obìnrin ilé.

“Wọ́n ní o ti sọ orúkọ bàbá wa nù,” ni Mọ́ṣúdù wí.

“Mi ò sọ ọ́ nù, ẹ̀gbọ́n mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ ni.”

“Àwọn èrò tí o ń pín in fún ńkọ́? Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀.”

“Ẹbí ni wọ́n.”

“Ẹbí ta?”

Ibẹ̀ ni inú ti bí Ṣàfíù. Ó mú àdá kan lára ògiri, ó fi ẹnu kan án. Ní ilé alágbẹ̀dẹ, ẹni tó bá fẹnu kan irin kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ilẹ̀ ó fi bò ó. Ó ní: “Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ Fábírì, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n.”

“A gbọ́,” ni Mọ́ṣúdù wí.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ràbíátù rí i bó ṣe rọra ká ọ̀rọ̀ náà pamọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ká aṣọ tó ṣì fẹ́ wọ̀. Àárẹ̀ tó bá a lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ kì í ṣe ti ìrìn àjò.

Ọdún kẹjọ sí i ni wọ́n tú aṣọ náà. Sìdíkátù, àkọ́bí Ṣàfíù, mú ọkọ wálé. Jàfárù ni, ọmọ Hàrúnà. Láti kékeré ni wọ́n ti mọra, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Ọjọ́ ìtọrọ pé, ilé kún. Hàrúnà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé lẹ́tà ìtọrọ kalẹ̀, wọ́n ní kí Nùsírátù, àbúrò ìyàwó, kà á. Ó tú rébọ́ọ̀nù, ó ha ọ̀fun.

“Àwa ẹbí Fábírì ti Igando kí ẹ̀yin ẹbí Fábírì ti Igando. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín—”

“Dúró níbẹ̀,” ni Mọ́ṣúdù wí. “Tún un kà.”

Ó tún un kà. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó gbé e mì.

“Ṣàfíù.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló ń tọrọ ọmọ?”

“Hàrúnà ni.”

“Hàrúnà ta?”

Ṣàfíù bojú wo Hàrúnà tó wà nílẹ̀.

“Wọn kì í fẹ́ra nínú ẹbí wa,” ni Mọ́ṣúdù wí. “Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ti tán. Ìwọ lo fẹnu kan irin lójú gbogbo wa. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, o ní. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí ọ lọ́rùn.”

Álífà Àmúsà wúkọ́. “Nínú ẹ̀sìn, kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́.”

“Álífà, mo ń kírun bíi tiyín. Ọ̀rọ̀ irin ni mo ń sọ.”

Hàrúnà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí èmi dá orúkọ náà padà. Kò bàjẹ́.”

Ṣàfíù mi orí. “Mo ti fún ẹ. Ta ló ń ṣe sàárà tó ń gbà á padà?”

Sìdíkátù tó wà nínú yàrá yọjú, gèlè rẹ̀ ti wọ́. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀. Ràbíátù ti wà lórí ìdúró láti ìdájí; ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ àga rẹ̀.

“Bàbá Sìdí, ó ti rẹ̀ mí.”

“Mo mọ̀.”

“Ọdún méjìlá ni mo ti ń bá yín ru orúkọ yìí. Mi ò sọ rí pé kí ẹ bá mi sọ̀ ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò ní sọ ọ́ lónìí náà. Ẹ ṣáà wo ojú ọmọ yẹn.”

Ó wò ó. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bá òun mú òòlù òun wá láti ìsọ̀. Wọ́n mú un dé, ó fi ẹnu kan án, gbogbo ènìyàn rí i.

“Ohun tí mo sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ Fábírì, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n.” Ó kọjú sí Mọ́ṣúdù. “Èmi kò jẹ́ ẹ mọ́. Ṣàfíù Ògúnrìndé lorúkọ mi, ọmọ mi ni Sìdíkátù. Nùsírátù, ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Nùsírátù tún gbé ìwé náà sójú. “Àwa ẹbí Fábírì kí ẹ̀yin ẹbí… ẹbí Ògúnrìndé.”

Mọ́ṣúdù di ojú. Ọdún méjìlá ló ti ń retí kí ẹnì kan pe orúkọ náà nínú ilé yẹn. Nígbà tó la ojú, ó ní kí wọ́n gbé obì wá. Ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ni Álífà Àmúsà, tó ń ráhùn lábẹ́ ẹ̀mí pé Ògún tí òun fi ọdún mẹ́ta lé jáde ti tún wọlé, obì ni wọ́n sì tún fi pàdé rẹ̀.

Oṣù kejì sí i ni wọ́n so yìgì, Sìdíkátù sì di Ìyáàfin Fábírì. Ẹrù tí bàbá sọ̀, ọmọ gbé e rù kó tó kanlẹ̀.

Ṣàfíù fi ọ̀dà dúdú pa pátákó rẹ̀ rẹ́. Bó ṣe di pé nínú gbogbo alágbẹ̀dẹ tó wà láti Egbeda dé Ìkòtún, òun nìkan ni kì í ṣe Fábírì nìyẹn. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ṣe geeti. Ó wo pátákó tó dúdú, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú o. Fábírì gidi ni mo ń wá.”

“Kò burú,” ni Ṣàfíù wí. Ó sin ín dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó júwe ìsọ̀ Hàrúnà fún un. “Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ pé ògbólógbòó alágbẹ̀dẹ kan ló rán yín wá.”

Ràbíátù gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Orúkọ tó ti su ú láti ọjọ́ yìí, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wù ú kó pè é sókè. Ó gbé omi lọ fún ọkọ rẹ̀ dípò ìyẹn, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Ṣàfíù kú ní 1997, nígbà ọyẹ́. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Álífà Àmúsà, tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ní kí ẹbí olóògbé dìde kí wọ́n lè ṣàdúà fún wọn. Mọ́ṣúdù dìde pẹ̀lú àwọn mẹ́fà tó bá a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Hàrúnà dìde lẹ́yìn. Fàúsátù eléèédú dìde. Àwọn méjì tó wá láti Command dìde lẹ́ẹ̀kan náà, èkíní na ọwọ́ fa èkejì sókè. Ìró àga ń lọ lu lu lu títí dé ojú títì.

Álífà gbọ́ ariwo náà. “Ẹ jókòó. Ẹbí Ògúnrìndé ni mo pè.”

Kò sí ẹni tó jókòó.

“Álífà, ẹ máa ṣàdúà yín lọ,” ni Mọ́ṣúdù wí. “Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n.”

Ràbíátù nìkan ló kù lórí ìjókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo ara ni. Sìdíkátù na ọwọ́ sí i, ìyá rẹ̀ dì í mú, ó tún ìró ró, ó dìde láàrin wọn.

Mo ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ náà sì ni. Ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Òyìnbó yẹn kò pe Ṣàfíù ní àbúrò lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lásán ni, ó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Ṣàfíù pẹ́ lẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà débi pé mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan ti pè é bẹ́ẹ̀.